Òwú Inú Yẹrì Dinah

Kò sí ẹni tó mọ ara àwọn obìnrin Ìlá bíi Dinah, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà ọjà. Ó mọ ẹni tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Ó mọ ẹni tó ti lóyún kí ọkọ onítọ̀hún tó mọ̀, nítorí pé tépù kì í ṣojúsàájú. Ó sì mọ ìyàwó àgbà ìjọ kan tó máa ń fa ikùn wọlé bí tépù bá ti kàn án, tí yóò wá máa bínú lọ́jọ́ Àìkú pé aṣọ fún òun. Dinah kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò kàn fi íǹṣì méjì kún un, yóò sì dákẹ́.

Ara tirẹ̀ ni kì í fẹ́ wọ̀n. Dinah tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìgbájọ lọ́dọ̀ ìyàwó katikíìsì kan, òun ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń gbé aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kọ́ lára, pé kò sí ibi tó yọ tí yóò rún un. Ọjọ́ tó gba òmìnira, tó jókòó sínú lọ́rì tòun ti máṣíìnì àlòkù rẹ̀ lórí itan, awakọ̀ ní kí wọ́n fi okùn di àwọn méjèèjì pọ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé èyí tó fúyẹ́ lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni àwọn ará ọjà ń pè é. Ó ń jẹ́ ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ikùn.

Èyí tó dùn ún jù ni ti ìyá ọkọ rẹ̀. Hezekiah, ọkọ rẹ̀, tíṣà ni, ó sanra, ọrùn rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ló ń jẹ oúnjẹ ẹni méjì. Oṣooṣù ni ìyá Hezekiah ń wá láti Òkè-Ìlá, ìdí ààrò ló sì ń kọ́kọ́ yà sí. Yóò ṣí ìkòkò, yóò wo inú rẹ̀, yóò dé e padà. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyàwó gbọ́, pé àwọn ènìyàn ń bi òun léèrè bóyá ó ń fún ọmọ olọ́mọ lóúnjẹ.

Ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí Dinah rán aṣọ ọmọ iléèwé títí tí ìka rẹ̀ fi wú, ni òkìkí Dókítà Ọláwuyì dé Ìlá. Dókítà gidi ni o. Ó kàwé lókè òkun, ó ti wo aláìsàn fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìwòsàn kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí, ìwé ìròyìn ni. Ní gbogbo Sátidé, àwòrán rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, tòun ti rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lọ́rùn rẹ̀, yóò máa dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé. Ohun yòówù kí wọ́n bi í, ibì kan náà ni ìdáhùn ń já sí. Ẹni tí kò rí oorun sùn, kó lọ ra agolo Ara-Kún. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò mọ̀wé, Ara-Kún. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń wo ìta, Ara-Kún ni, agolo méjì. Ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú kan ni, tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná láràárọ̀. Dókítà ní ó ń sọ egungun di ẹran láàrin oṣù mẹ́ta. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ àwòrán méjì sí: obìnrin kan tó gbẹ bí ẹja pánla, àti obìnrin náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tó kún bọ̀ǹtì-bọnti.

Hezekiah a máa ka ojú ewé náà sókè nílé. Dinah a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí máṣíìnì.

Ìgbà tó yá, Dókítà fúnra rẹ̀ wá, nínú mọ́tò tí wọ́n kùn ní pupa, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀. Ọjà tú jáde. Dókítà sọ̀rọ̀, ó dáwọ́ dúró, ó na ìka sáàárín èrò. Bí Dinah ti fara pamọ́ sẹ́yìn Ràbíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta àádùn, tó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣì yọ síta. Dókítà ní kí wọ́n mú un wá.

Ó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Dinah ní aránṣọ ni òun.

"O ní tépù, ìyàwó?"

"Ọrùn mi ló wà, sà."

Dókítà gba tépù náà, ó fi yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó sì pariwo rẹ̀ sínú gbohùngbohùn bí ẹni tó ń kéde òkú: íǹṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ní oṣù mẹ́ta ni òun fún un. Ó ní òun kò ní mú ẹlẹ́rìí wá láti Èkó, tépù obìnrin yìí náà ni yóò jẹ́rìí òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó fi agolo kan ta Dinah lọ́rẹ. Àwọn tó kù, Dinah fúnra rẹ̀ ló rà wọ́n.

Ó mu Ara-Kún bí ẹni ń mu omi ìyè. Nígbà tí àwọn obìnrin rí i pé Ìyá Abẹ́rẹ́ ń mu ún, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Bí wọ́n bá kọjá lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, wọn a bi í bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Á ní ó ti ń bọ̀. Ní gbogbo Sátidé, tó bá wẹ̀ tán, á ti ilẹ̀kùn, á wọn ìbàdí rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ní tépù náà ló ti gbó, pé ó ti dẹ̀. Ó ra tuntun. Tuntun ní ọgbọ̀n ó lé ààbọ̀, nítorí pé bó bá ti mu Ara-Kún tán láàárọ̀, kì í rí àyè fún ẹ̀kọ mọ́.

Ràbíátù ló fi ìka kan ìyẹ̀fun náà lọ́jọ́ kan. Ó lá a, ó tún lá a.

"Dinah, àgbàdo yíyan nìyí," ló wí. "Wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n sì fi osùn sọ ọ́ di pupa. Epo ló kù kí n fi sí i, kí n gbé e sórí àtẹ."

Dinah bínú. Ó ní ṣé Ràbíátù náà kàwé lókè òkun ni. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ kì í ṣe Ràbíátù ni inú ń bí i sí. Ó ń rántí gbogbo àwọn tó wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó ra agolo tiwọn.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta ku ọjọ́ méjì, Joseph dé, ọkùnrin oníwà tútù kan tó ń ya àwòrán fún Dókítà. Ó mú ìwé ìròyìn wá láti fi bí tirẹ̀ yóò ti rí hàn án. Dinah ti rí àwòrán méjèèjì rí nígbà tí Hezekiah bá gbé ìwé náà sókè, ṣùgbọ́n kò tíì wò wọ́n ní ìwò aránṣọ. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Aṣọ kan náà ni obìnrin méjèèjì wọ̀, ọnà kan náà lára rẹ̀, àlẹ̀mọ́ kan náà lápá. Ó bi Joseph pé bí obìnrin yìí bá fi íǹṣì mẹ́wàá sanra, ta ló tú aṣọ rẹ̀, ta ló sì rí irú rẹ̀ fi kún un tí ojú rírán kò yí padà?

Joseph rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń ya àwòrán náà láti ìgbà yìí, òun kò rí ẹni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó sanra yẹn ló ni aṣọ, àbúrò rẹ̀ ni èyí tó tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun rí i pé ara Dinah kò tíì gbọ́, ṣùgbọ́n kò burú. Kó rán òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí mọ́ inú yẹrì rẹ̀, kó jáde, kó dúró díẹ̀, òun á ya á, ó parí. Dókítà á fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tuntun ta á lọ́rẹ.

Dinah wo máṣíìnì ọlọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun gbà, kí wọ́n má wulẹ̀ mú òwú wá, pé òun ní i nílé.

Ọ̀dọ̀ Ràbíátù ló kọ́kọ́ lọ láti bẹ̀ ẹ́. Àwọn méjèèjì ló jọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Dinah rán àpò sínú yẹrì, méjì lẹ́yìn, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ó ki òwú sí wọn. Àmọ́ kò fi máṣíìnì pa ìsàlẹ̀ wọn dé. Okùn funfun kan ṣoṣo ló fi kó gbogbo wọn pọ̀, pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ gígùn gígùn tí aránṣọ fi ń di aṣọ mú kó tó rán an gan-an. Kò ta kókó sí ìdí okùn náà. Ó yọ orí rẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o.

Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, ojú ọjà kún ju ọjọ́ ìkórè lọ. Ìyá Hezekiah ti dé láti àárọ̀. Nígbà tí Dinah yọ láti ṣọ́ọ̀bù, tí ìdí rẹ̀ ń dá lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹlòmíràn, ariwo sọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wólẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun kan wà tí Dinah jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ràbíátù lẹ́yìn náà: pé nígbà tí wọ́n hó yẹn, ó dùn mọ́ òun, òun sì rọra rìn kó lè pẹ́.

Dókítà kò tilẹ̀ wò ó dáadáa. Èrò ọjà ló ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n Dinah na tépù sí i, ó ní kó jọ̀ọ́ kó wọn òun, bó ti wọn òun níjọ́sí. Èrò ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìnlélógójì! Àwọn ènìyàn fò sókè. Lábẹ́ ariwo yẹn ni Dinah fa okùn.

Ìdí apá òsì ló kọ́kọ́ lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, funfun báláú, bí ìgbà tí adìyẹ bá yé ẹyin. Èyí tí apá ọ̀tún tẹ̀lé e. Ìbàdí méjèèjì kò dúró kí wọ́n pè wọ́n. Atẹ́gùn fẹ́, òwú fò kọjá lórí àtẹ Ràbíátù, ọ̀kan bà lé bàtà Dókítà. Joseph, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́, tẹ kámẹ́rà.

"Dókítà," ni Dinah wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹnu rẹ̀ súnmọ́ gbohùngbohùn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n mí lẹ́ẹ̀kan sí i, sà."

Ràbíátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Dinah bẹ àwọn tó tìtorí òun ra agolo. Ó ní àgbàdo yíyan ni wọ́n ń mu, kí ẹni tí tirẹ̀ bá kù sílé fi epo sí i kó fún ọmọ rẹ̀ jẹ.

Kí mọ́tò pupa tó lọ, Dókítà yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun nìkan. Dinah rò pé ó wá bú òun ni. Dókítà jókòó sórí àpótí, ó ní ọdún mọ́kànlá ni òun fi wo ibà àti ọgbẹ́, kò sí ẹni tó mọ orúkọ òun ní àdúgbò kejì, ṣùgbọ́n ọdún tí òun fi àgbàdo sínú agolo ni wọ́n gbé òun sí ìwé ìròyìn. Dinah bi í bóyá ẹni tó tín-ín-rín bí òun ń ṣàìsàn. Dókítà fa ojú rẹ̀ sílẹ̀ wò ó, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó fi rọ́bà gbọ́ àyà rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe é, bí wọ́n ti dá a nìyẹn. Òun nìkan ni Dókítà Ọláwuyì wò ní Ìlá láìta agolo fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé Ara-Kún tán nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tò láti rà á ní Ìrẹsì. Ní Ìlá gan-an, àwọn kan ní ara Dinah ló kọ oògùn. Ìyá Hezekiah kò wá fún oṣù méjì, nígbà tó sì dé, ọ̀dọ̀ Dinah ló kọ́kọ́ lọ kó tó dé ìdí ààrò.

Iṣẹ́ wá pọ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí Dinah kò wá. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó wo ẹ̀yìn, ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ó lè rán irú yẹrì ọjọ́sí fún òun, kó jọ̀ọ́ kó fi máṣíìnì pa ìdí rẹ̀ dé dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn dé. Ojú kì í ti Dinah láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn, bí wọ́n bá sì fẹ́, á mú òwú náà wá kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó di ọdún kejì, ìyàwó olùkọ́ àgbà kan wọ ọkọ̀ wá láti Ìgbájọ. Ó ti gbọ́ pé ohun kan wà lọ́wọ́ aránṣọ kan ní Ìlá tó ń múni sanra lójọ́ kan ṣoṣo. Ó jókòó, ó tú bọ́tìnì aṣọ rẹ̀, ó bi í bóyá kí òun jẹun kí òun tó lò ó ni, tàbí kí òun mu ún lórí ikùn òfìfo.

Dinah ń fi okùn sínú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"A kì í mu ún, ìyá," ló wí. "Sísán là ń sán an. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín."