Ọjọ́ Tí Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Ẹ̀pẹ́

Kò sẹ́ni tó sìn mí jáde. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní Ìkòròdú. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, mo sì dúró díẹ̀ bóyá ẹnìkan nínú àwọn ayálégbé yòókù á yọjú. Ẹnikẹ́ni kò yọjú. Mo sọ fún ara mi pé, "Ó dàbọ̀ o," mo sì dá ara mi lóhùn.

Ìlú wa ní Ọ̀ṣun ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá mi. Nígbà kan, bọ́ọ̀sì tó ń gbé èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ síbi iṣẹ́ kọlu tírélà kan tó dúró lójú ọ̀nà. Àwọn tó jókòó sí ọ̀tún àti òsì mi kú, èmi nìkan ló kù lórí ìjókòó náà. Láti ọjọ́ náà, n kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ìyá mi kò gbà á kó wá sí Ìkòròdú, èmi náà kò sì lè lọ. Ohùn ara wa nìkan là ń gbọ́ lórí fóònù. Bí kẹ̀kẹ́ kò bá gbé mi débẹ̀, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo yan ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ nítorí tírélà pọ̀ jù lọ́nà Ṣágámù. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ìyá mi pé mò ń bọ̀. Mo fẹ́ kí àyè wà tí mo lè gbà padà.

Ẹni tó bá rí mi lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn mi, màá sọ̀kalẹ̀, màá wọ inú koríko, màá sì di kẹ̀kẹ́ mú títí ọkọ̀ náà á fi kọjá. Nígbà tí mo kọjá Ìmọ̀ta, mo kàn ń tì í lọ ni. Ọlọ́kadà kan dín eré kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, ẹ gùn ún o! Àbí ìyàwó lẹ̀ ń sìn lọ sílé ọkọ?"

Èrò tó gbé sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Epo ló wọ́n. Mọ́tò wọn wà nílé."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rò pé mò ń bínú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ojú ọ̀nà dákẹ́, ó sì ń ṣe mí bíi kí wọ́n padà wá bú mi sí i.

Nígbà tí mo dé ẹnu afárá Ìtòìkín, mo rí i pé kò sí koríko lórí rẹ̀ tí mo lè sá sí. Mo jókòó, mo jẹ búrẹ́dì láìsí pé ebi ń pa mí. Mo yí ojú kẹ̀kẹ́ sí Ìkòròdú. Mo tún yí i padà. Nígbà tí ọ̀nà dá, mo gùn ún, mo wà á bí ẹni tí ajá ń lé. Ọkọ̀ kan bá mi lórí afárá, ó fọn fèrè, ó kọjá. N kò sọ̀kalẹ̀. Kò síbi tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ẹ̀pẹ́. Ìyá àgbà kan ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí àlejò lè sùn, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ kí mi. Ọ̀kadà pariwo kọjá, "Ẹ kú ewu" nìkan ni mo gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí mi ní Ìkòròdú láti ìgbà ìjàǹbá náà, débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà kọjá. Ta ló sọ fún ìyá yìí?

"A dúpẹ́, mà," ni mo wí. "Àwọn yòókù ti lọ. Èmi nìkan ló kù."

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi. "Àwọn wo? Ẹ̀yin mélòó lẹ wà lórí kẹ̀kẹ́ kan?"

"Ṣebí ẹ kí mi kú ewu, mà."

"Ewu ọ̀nà! Ẹ kú ewu ọ̀nà ni mo wí. Ṣé wọn kì í kí ẹni tó ti ọ̀nà dé níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ ni?"

Wọ́n ń kí i. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò kàn fetí sí ewu tó wà nínú rẹ̀ rí. Ojú tì mí, mo béèrè ibi tí mo lè sùn. Ìyá náà nawọ́ sí ilé àlejò kan, ó ní kí n má gba yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ wọ yàrá, mo fi í ti bẹ́ẹ̀dì. Mò ń gbọ́ àwọn èèyàn tó ń kí ara wọn níta bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, kò sì sí ẹnìkan tó mọ orúkọ mi nínú wọn. Mo rò ó pé tílẹ̀ bá mọ́, màá rọra padà. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mo kúrò nílé.

Mo pe ìyá mi, kí n kàn gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ariwo ibo nìyẹn?" ló wí. "Àdúgbò yín kọ́ nìyẹn."

N kò lè purọ́ fún un. "Ẹ̀pẹ́ ni, mà. Ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn."

"Kẹ̀kẹ́ wo? Márúwá?"

"Rárá, mà. Ológeere, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà."

"Ìwọ yìí? Ìwọ tí àkùkọ máa ń lé?"

Kò dúró gba èsì. Ó gbé fóònù sílẹ̀ láì pa á, mo sì gbọ́ tó ń ké sí gbogbo agbolé: "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ mi ń bọ̀ wálé! Ó ti dé Ẹ̀pẹ́!" Ẹnìkan hó yè. Ẹlòmíràn ń béèrè ohun tí wọn yóò sè dè mí.

Mo gbọ́ wọn títí ìlà fi já. Mo fọwọ́ tẹ táyà ẹ̀yìn. Ó ti rọ̀ díẹ̀. Mo dìde, mo lọ béèrè ẹni tó ní pọ́ǹpù.