Dúrósinmí Òmùwẹ̀ àti Ìrìnàjò Laspámà

Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá tí Dúrósinmí fi ń wọ omi ní èbúté Èkó, kò rí nǹkan kan rí nísàlẹ̀ omi náà. Bó bá ti sọ̀kalẹ̀ tó ìdúró ènìyàn méjì, òkùnkùn dé nìyẹn. Ẹrẹ̀, epo dúdú àti ìdọ̀tí ìlú kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Ọwọ́ ló fi ń ríran. Ọwọ́ ló fi ń mọ ibi tí ara ọkọ̀ tó rì ti ya, ọwọ́ náà ló fi ń so okùn irin mọ́ ọn kí ẹ̀rọ tó wà lókè lè fà á jáde. Nígbà mìíràn, ọwọ́ náà máa ń kan nǹkan tí kì í ṣe irin, á sì mọ̀ pé atukọ̀ kan nìyẹn. Kì í sọ ọ́ nílé.

Ọmọ Ìjanikin ni. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ni bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Ní 1984, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Òun, Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀ àti Bọ́sẹ̀ ọmọ wọn ń gbé yàrá méjì ní Òkokomaiko. Láàárọ̀ kùtùkùtù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kọ́láwọlé, tó ń gbé ní Ìbà, á jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àpápá.

Kọ́láwọlé ló ń di okùn rẹ̀ mú. Òun kò wọ omi rí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló máa ń dúró sí, okùn tí wọ́n so mọ́ ìbàdí Dúrósinmí á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì máa ṣọ́ rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá a. Bí Dúrósinmí bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ sí i. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n fa òun jáde kíákíá. Láti ọdún mọ́kànlá, Kọ́láwọlé kò ṣi okùn náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀gá wọn kan tó jẹ́ òyìnbó ló dá ọ̀rọ̀ ìrìnàjò sílẹ̀, òun gan-an kò sì mọ̀. Ó lọ lo ìsinmi, ó mú fọ́tò bọ̀. Òun náà ló wà nínú fọ́tò, lábẹ́ omi, ní erékùṣù kan nítòsí Laspámà, ìlú àwọn ará Sípéènì, ìgò afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹja pupa àti ẹja olómi ọsàn yí i ká. Lókè orí rẹ̀, ìdí ọkọ̀ kékeré kan hàn gedegbe, bíi pé inú òfuurufú ló so rọ̀ sí. Dúrósinmí kò gbé fọ́tò náà sílẹ̀ títí tí àwọn tó kù fi jẹun ọ̀sán tán.

"Iná wo lẹ tàn síbẹ̀?" ló bi í.

Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní oòrùn ni.

Láti ọjọ́ náà, Dúrósinmí kò sinmi. Ó fa Kọ́láwọlé lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Abọ́lá, tó ń ta rédíò ní Aláàbà, tó sì máa ń lọ Laspámà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti kó ọjà.

"Kí lẹ fẹ́ lọ rà?" Abọ́lá bi wọ́n.

"A ò ra nǹkan kan, bọ̀ọ̀dá. A fẹ́ lọ wọ omi ni."

"Omi?" Abọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Omi Ọ̀jọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Omi tí ènìyàn lè ríran nínú rẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá," Dúrósinmí dáhùn.

Abọ́lá wò ó lójú, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ya etí páálí rédíò kan, ó sì kọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà gba físà sí i, pẹ̀lú orúkọ ilé àlejò tí kò wọ́n. "Ẹ má lọ lóṣù Kejìlá," ó ní. "Àwọn èrò Kérésì á ti kún inú pléènì."

Wọ́n fi í sí oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n gba páásìpọ́ọ̀tù. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń mú àlejò wọ omi ní erékùṣù náà, èsì sì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ìgò àti ìbòjú wà fún yíyá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí pé òun ti ń wọ omi tẹ́lẹ̀ kò ní fẹsẹ̀ kan omi lọ́dọ̀ àwọn. Òyìnbó ní òun á kọ ti Dúrósinmí lójú ẹsẹ̀. Ti Kọ́láwọlé, ó ní ó dìgbà tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ omi.

"Ìwọ ṣáà máa lọ," Kọ́láwọlé sọ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. "Èmi á dúró sínú ọkọ̀, màá di okùn."

"Wọn kì í di okùn níbẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn. Kọ́lá, èmi nìkan ò lè lọ rí nǹkan yẹn kí n wá máa ròyìn rẹ̀ fún ọ. A jọ ń lọ ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etí omi Ọ̀jọ́ ní ọjọ́ Sunday nìyẹn. Ìbíyẹmí á wọ sùtánà funfun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á máa kùn; Dúrósinmí á gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àtijọ́ kan tí ilé iṣẹ́ wọn ti pa tì, tó gbé láìtọrọ, sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Wọ́n ti pààrọ̀ ipò: Kọ́láwọlé ló ń sọ̀kalẹ̀, Dúrósinmí ló ń di okùn. Ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rù ń ba Kọ́láwọlé débi pé kò yéé fa okùn. Dúrósinmí fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé agogo ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lù ni? Fara balẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Má fa nǹkan kan àfi tó bá nídìí."

Ní Sunday kẹrin, nínú oṣù Kẹta 1985, Kọ́láwọlé sọ̀kalẹ̀. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, okùn dákẹ́. Inú Dúrósinmí dùn. Ó ní ọkùnrin náà ti ń gbọ́ràn. Ó tilẹ̀ ń rò ó pé oṣù Kẹsàn-án kò jìnnà mọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára okùn, kò sì wo ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn ti yí padà, tí èéfín ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ náà sì ti ń rọ́ wọ ẹnu ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ tó ń lọ bá Kọ́láwọlé. Ìgbà tí èéfín náà kan ọ̀nà ọ̀fun òun fúnra rẹ̀ ló tó yíjú.

Ó fa okùn. Kò sí ẹni tó fà á padà. Ó fi gbogbo agbára wọ́ ọ, Kọ́láwọlé sì jáde wá bí ẹrù. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ètè rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọ tuntun. Àwọn apẹja bá a gbé e dé títì, wọ́n rí ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà kàn gbọ́wọ́ lé e láyà, ó sì mi orí.

Dúrósinmí fi aṣọ tútù lọ sí Ìbà. Sìkírátù ìyàwó Kọ́láwọlé ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Táyọ̀ ńkọ́?"

Dúrósinmí sún mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀.

Obìnrin náà kò pariwo. "Ta ló di okùn mú?"

"Èmi ni."

Wọ́n sin Kọ́láwọlé kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti Dúrósinmí mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ilé iṣẹ́ lé e nítorí ẹ̀rọ tó gbé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, náírà já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Abọ́lá gan-an kò fi lọ Laspámà mọ́. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ìlú náà létí Dúrósinmí.

Ó gba iṣẹ́ ọdẹ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìyànà Ìbà. Ó rò pé òun ti bá omi pínyà. Ṣùgbọ́n ní 1987, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó èrò dojú dé ní Ọ̀jọ́, ẹnì kan sì rántí pé òmùwẹ̀ ń gbé ní Òkokomaiko. Wọ́n wá pè é. Kò ní ẹ̀rọ, èémí rẹ̀ nìkan ló fi sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé òkú méjì jáde. Látìgbà náà, bí omi bá ti gbé ènìyàn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kì í gba kọ́bọ̀.

"Ṣé òkú lẹ fẹ́ máa wá kiri títí ayé yín ni?" Ìbíyẹmí bi í.

Ó sá ṣòkòtò tútù rẹ̀ sórí okùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1994, Sìkírátù dúró sẹ́nu ọ̀nà náà. Kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ìbíyẹmí gbé àga fún un, kò jókòó.

"Gbàdàmọ́sí àbúrò mi ni," ó ní. "Yanrìn ló ń wà. Ọkọ̀ wọn rì láti ìjẹta. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ lè dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀."

Dúrósinmí mú ṣòkòtò rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Nígbà tó ń wọ omi, obìnrin náà jókòó sórí òkìtì yanrìn, ó kọ ẹ̀yìn sí omi. Dúrósinmí sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lásán. Omi ibẹ̀ jìn, etí rẹ̀ ń pariwo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ ènìyàn lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ó fà á títí ó fi tú sílẹ̀.

Sìkírátù tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ojú àbúrò rẹ̀. Ó wá yíjú sí Dúrósinmí, tó ń wúkọ́ lórí ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Mi ò tíì dárí jì yín o."

"Mo mọ̀, Ìyá Táyọ̀."

Wọ́n gbé òkú lọ. Nígbà tí Dúrósinmí nu ojú rẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, etí ọ̀tún rẹ̀ ló ń sun ún. Etí náà kò gbọ́ràn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ kí i, apá òsì ni kí wọ́n gbà.