Àwọn Jímọ̀ Tí Mò Ń Fi Òrí Ra Ìka Ìyá Àgbà

Ní gbogbo Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni ọba àwọn tó ń bá èèyàn tún ìka ṣe. Ìka tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka bá ti kọ̀, ẹ gbé e tọ̀ mí wá. Àwa méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ládùúgbò nígbà yẹn, ẹnì kejì sì ni ọ̀gá tó ń kọ́ mi.

Ṣọ́ọ̀bù wa ò ju páákó àti páànù lọ, ẹ̀gbẹ́ àwọn bàbá tó ń ta àlùbọ́sà. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, òórùn àlùbọ́sà àti ti súyà á wọlé, á bá wa jókòó. Àwọn tí ìjọba fẹ́ fún lówó ìrànwọ́, àmọ́ tí ẹ̀rọ ò gba ìka wọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Mà á fi àkísà tútù nu ìka wọn, mà á fẹ́ atẹ́gùn sí i, mà á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Tí iná ẹ̀rọ bá ṣe gírínì, ó ti gbà. Tó bá ṣe pupa, mà á ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.

Mo ti kúrò ní yunifásítì nígbà náà. Kí n má parọ́, yunifásítì ló kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọdún kejì ni gààrí wa pín. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí màmá mi, tí wọ́n sì tọ́ mi dàgbà ní agboolé wa lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ò yéé pè mí ní Injiníà. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jáwọ́.

Wọ́n ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà kọ́ lò ń tẹ̀ ni?"

Mo ní kọ̀ǹpútà ni.

"Ó tán nìyẹn, Injiníà."

Lọ́dún yẹn, ìjì ṣí páànù orí yàrá wọn. Màmá mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn ò ní náwó sórí ilé tó ti gbó, tí òjò bá fi bẹ̀rẹ̀ tí páànù yẹn ò tíì padà sórí, àwọn á wá kó Ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn. Ìyá àgbà ti gbé Ìbàdàn rí. Wọ́n ní ilé tí èèyàn á jí tí kò ní rẹ́ni tó máa kí òun, ẹ̀wọ̀n ni. Owó ìrànwọ́ arúgbó yẹn nìkan ló lè dá wọn dúró sí Ọ̀yọ́. Èmi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ míì.

Àwọn tó ń kọ orúkọ fún owó náà dé agboolé, wọ́n ní kí Ìyá àgbà tẹ̀ka, kí àwọn mọ̀ bóyá ó bá ìka tí wọ́n fi gba NIN lọ́jọ́sí mu. Pupa. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pupa. Wọ́n ní kí Ìyá àgbà lọ tún un ṣe, pé àwọn ń padà bọ̀ kí òjò tó dé.

Ni ọba Sábó bá gbéra, ó gba Ọ̀yọ́ lọ.

Mo wo ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, mo mi orí bíi dókítà. Ọṣẹ dúdú ni Ìyá àgbà ń ṣe láti ọ̀dọ́. Omi eérú ti jẹ ìka wọn títí ó fi dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Mo pàṣẹ: wọn ò gbọ́dọ̀ ro ọṣẹ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ilà ìka lè hù padà, kí wọ́n sì máa fi òrí ra á ní alaalẹ́.

"Kí n gba ọlidé torí ìka?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Injiníà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n da ìkòkò ọṣẹ dojú dé. Gbogbo Jímọ̀, tí ọ̀gá mi bá ti ti ṣọ́ọ̀bù torí ìrun, mà á yá ẹ̀rọ wọn, mà á wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. A máa jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ Ìyá àgbà á wà lórí itan mi, mà á máa fi òrí ra á ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ yìí náà ló máa ń gbá mi mú ní kékeré, tí mo bá ti rí kànìnkànìn tí mo sá kúrò nílé níhòòhò, tí àwọn aláta Akẹ̀sán á máa pariwo, "Ẹ dì í mú o, ọmọ ọlọ́ṣẹ ló ń sá fún ọṣẹ!" Ọṣẹ yẹn máa ń ta mí lójú. Mà á ké, Ìyá àgbà á ní kí n ké dáadáa, pé ojú tó bá ṣomi ni ìdọ̀tí ń jáde nínú ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àárò òórùn ẹ̀ lè máa sọ mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ò ní òórùn kankan mọ́.

Àwọn aládùúgbò á yọjú, wọ́n á béèrè ọṣẹ.

"Injiníà ní kí n sinmi," Ìyá àgbà á fi ẹnu tọ́ka sí mi. "Ẹ bi í."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Lẹ́yìn òrí, ẹ̀rọ. Pupa. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Pupa. Mo lo ọsàn wẹ́wẹ́. Pupa. Ìyá àgbà gbé ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò. "Ọkọ mi, ṣé ẹ̀rọ yìí kì í mutí báyìí?"

Ẹ̀rín là ń rín, àmọ́ ìkùukùu ti ń ṣú lójú ọ̀run, màmá mi sì ti ń kun yàrá ní Ìbàdàn.

Ìyá kékeré ló tú àṣírí fún mi. Ìyàwó kejì tí bàbá àgbà fẹ́ ni, wọ́n wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń lọ jẹun tí ọjọ́ bá burú. Ìyẹn ni pé ojoojúmọ́. Bí mo ṣe ń jẹun ni mò ń ròyìn: òrí, omi gbígbóná, ọsàn.

Mo ní, "Mi ò mọ irú ìka tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Ìyá àgbà yìí gan-an."

"Ìka tèmi ni," Ìyá kékeré ní, wọ́n sì tún bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Mo rò pé wọn ò gbọ́ mi.

"Tèmi ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tá a jọ lọ ṣe NIN ní Ọ̀yọ́, oòrùn ń pa ìyálé mi, ẹ̀rọ ò gba ìka wọn, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ń jágbe, 'Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mama!' kò tiẹ̀ gbójú wo ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n sún, mo bá wọn tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́?"

"Ta lo fẹ́ kó bá wọn tẹ̀ ẹ́? Látọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá àgbà rẹ, ta ló ń bá wọn pọnmi? Ta ló ń bá wọn ru eérú? Wọ́n á wá máa bá ẹ̀rọ jà, kí n máa wò?"

"Tiyín ńkọ́?"

"Mi ò tíì tẹ tèmi. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà."

Mo dá òkèlè padà sínú abọ́. Ìka tí ìjọba ò tíì rí rí ni èmi, ọba Sábó, ti ń fi òrí tọ́jú láti ọjọ́ yìí.

Ìyá kékeré ti ń wá gèlè. Wọ́n ní kò le, kí àwọn kàn bá mi lọ sí Ọ̀yọ́ lọ tún un tẹ̀. Kí n sọ òótọ́, ó wù mí. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, wọ́n ní tí mo bá dán an wò, kí n má padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kí àwọn ìyá méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe NIN, kí wọ́n sọ bó ṣe jẹ́, kí wọ́n tún ìka ìyálé yà.

A lọ. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mama, kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín tẹ̀ka?"

"Ẹlòmíì wo?" Ìyá àgbà ní. "Ìyàwó mi ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé tábìlì. Ó pa ìka àtijọ́ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Bí Ìyá àgbà bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ Ìyá kékeré á máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò!"

"Jẹ́ kó di apá mi mú," Ìyá àgbà bẹ̀bẹ̀. "Kò ní tẹ̀ ẹ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é, ọ̀kan ń tẹ̀ka, ọ̀kan dì í mú nígbọ̀nwọ́. Àtàǹpàkò òsì gbà, ìka tó kéré jù náà gbà. Wọ́n kọ ọ́ pé ìyókù ti parẹ́, wọ́n ya fọ́tò ojú wọn mọ́ ọn. Mo ní òrí mi ló ṣiṣẹ́.

Nígbà tí àwọn tó ń kọ orúkọ padà dé, gírínì ni. Owó jáde kí òjò tó dé.

Wọ́n ti fẹ títì Sábó báyìí, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà ti di gọ́tà, ọ̀gá mi ti kó lọ sí Ìlọrin. Mi ò tún ìka ẹnikẹ́ni ṣe mọ́. Ìgbà míì tí Jímọ̀ bá dé, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun, ọwọ́ mi á kàn máa wá òrí. Àwọn ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi ń ṣe pupa yẹn, mi ò mọ̀ pé ayé ni mò ń jẹ.

Ọjọ́ tí káfíńtà kan páànù tó kẹ́yìn, màmá mi pè. Mo fi fóònù sí gbangba kí Ìyá àgbà lè gbọ́. Ìyá àgbà ti gbé ìkòkò kaná, wọ́n ń ro ọṣẹ lọ́wọ́.

Màmá mi ní, "Màmá, yàrá tí mo ti kùn dè yín ńkọ́? Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Mo ti gbé kọ́tìnnì kọ́. Kí ni kí n wá fi ṣe báyìí?"

Ìyá àgbà ò gbójú kúrò lórí ọṣẹ.

"Máa sin adìẹ síbẹ̀."