Abẹ́rẹ́ Inú Ìrọ̀rí Ìkòkò

Gbogbo ẹni tó mọ Màríámọ̀ ní àdúgbò Talladjé ní Niamey ló mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Bí kò bá máa gbálẹ̀, á máa ránṣọ. Bí kò bá máa ránṣọ, á máa tú èyí tó ti rán tẹ́lẹ̀. Àlàmínì ọkọ rẹ̀, bàbá Fàìsàt ọmọ wọn, tó ń ta aṣọ, a máa sọ pé bí ẹ bá rí i kí ìyàwó òun jókòó jẹ́ẹ́, ẹ fọwọ́ kàn án lára wò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ibà.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, ó ṣa àwọn àjákù àǹkárá jọ, ó fi wọ́n rán ìrọ̀rí ìkòkò mẹ́ta. Ó fi aṣọ tó nípọn tẹ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rọ ìrẹsì sí i pẹ̀lú kànáfùrù àti atalẹ̀ gbígbẹ, ó wá fọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa. Bí èèyàn bá gbé ìkòkò gbígbóná lé e, òórùn kànáfùrù á gba gbogbo ilé. Ẹ̀bùn ọdún ni. Ó fún Fàtímà, ọmọ ẹ̀yà Zarma tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà. Ó fún Ùmmúkùlsùm tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Petit Marché. Èyí tó dára jù, aláwọ̀ aró, ló fi rán Àlàmínì sí Ànísátù, ẹ̀gbọ́n Àlàmínì obìnrin, ní àdúgbò Lazaret.

Ànísátù ti yan Màríámọ̀ lódì. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá Àlàmínì dúró sí ọsibítù, Màríámọ̀ ń sá sókè sá sódò, kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́nu àwọn ọlọ́jà ni Ànísátù ti gbọ́ pé àìsàn ti dá àbúrò òun wó. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ kan Talladjé mọ́.

Ọjọ́ kejì ọdún, bọ́tìnnì já lára aṣọ Àlàmínì. Màríámọ̀ wá abẹ́rẹ́ rẹ̀ gígùn, kò rí i. Ó gbọn ẹní, ó gbọn ìró, ó tú irun. Àfi bó ṣe rántí pé ibi tí òun ti ń rọ ìrẹsì ni wọ́n ti pe ìrun, tí òun gún abẹ́rẹ́ náà mọ́ aṣọ inú, tí òun dìde. Nígbà tó padà dé, abẹ́rẹ́ mìíràn ló mú. Ó mú gèlè, ó fẹ́ jáde.

"Abẹ́rẹ́ lásán," ni Àlàmínì wí. "Jókòó, jàre."

"Bàbá Fàìsàt, bí ẹ̀gbọ́n yín bá bá abẹ́rẹ́ nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́, kí ni wọ́n máa pè é?"

Àlàmínì náà mọ̀ pé àsàsí ni wọ́n á pè é.

Màríámọ̀ kọ́kọ́ wọ yàrá Fàtímà. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí, ó tẹ ìrọ̀rí náà títí: kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ tasín lọ sí Petit Marché. Ùmmúkùlsùm wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀bùn tí o fún mi lo wá gbà?" Màríámọ̀ ní rárá, ó tẹ tiẹ̀ náà wò, kò bá nǹkan kan. Ó wá ku Lazaret.

Nínú tasín, ó pa irọ́ kan mọ́ inú: á ní òun fẹ́ fi òwú ṣe ọ̀ṣọ́ sí ìrọ̀rí náà létí. Ó tún irọ́ náà sọ láti Petit Marché títí tó fi dẹ́nu ọ̀nà Ànísátù.

Bí Ànísátù ṣe rí i, ó dìde fùú. "Ìyàwó, kí ló ṣe Àlàmínì?"

"Ara wọn le, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n." Màríámọ̀ kúnlẹ̀. Irọ́ náà fò lọ. "Ìrọ̀rí ìkòkò yẹn ni. Ó jọ pé mo gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀."

"Mi ò gbé ìkòkò lé e," ni Ànísátù wí. "Orí ni mo ń gbé lé e. Òórùn rẹ̀ ń jẹ́ kí n sùn."

Ànísátù wọ yàrá lọ. Màríámọ̀ rò pé fóònù ló fẹ́ lọ mú láti pe aládùúgbò wá jẹ́rìí. Nígbà tó jáde, ìrọ̀rí náà ló gbé lọ́wọ́, pẹ̀lú abẹ àti àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

"Tú u lójú mi."

Màríámọ̀ fi abẹ já òwú. Ìrẹsì tú jáde, kànáfùrù tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ sì bọ́ sínú àwo. Ànísátù mú un láàárín ìka méjì.

"Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́."

"Mo ti múra irọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Nígbà tí Àlàmínì wà ní ọsibítù ńkọ́? Ṣé o gbàgbé mi ni?"

"Mi ò gbàgbé yín. Ẹ̀rù ló bà mí. Ó ń ṣe mí bíi pé bí mo bá fẹnu sọ ọ́ síta, ikú á gbọ́."

Ànísátù mí kanlẹ̀. "Ó yẹ kí ẹ̀rù náà jọ bà wá ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìrẹsì náà padà. "Rán an fún mi. Má lọ, o ò tíì mu omi."

Màríámọ̀ rán an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, títí Ànísátù fi gbọ́wọ́ lé e lórúnkún.

Kí oṣù náà tó parí, Ànísátù ti wá kí wọn ní Talladjé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn fún gbogbo ará àgbàlá bí ìyàwó àwọn ṣe la Niamey já nítorí abẹ́rẹ́ kan. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ Màríámọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn fún un ju odì lọ.