Ẹni Tó Bá Ìyá Mi Dúró ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá méjì ni mo ní: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ rò ni pé Marietta l'Amẹ́ríkà yìí ni mo ti kọ́kọ́ bá òyìnbó gbé àdúgbò kan náà, nígbà tí ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní kí n wá máa bá òun wo ọmọ. Ó tì o. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ jẹ iyán ni mo ti ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ọ̀dùnkún, ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àgùntàn ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá mi lọ kàwé òfin ní London, ìyá mi tẹ̀ lé e, òun náà ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé wọn kò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Láyé ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń kàwé níbẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá òyìnbó kan ní ìgbèríko tí yóò máa bá wọn tọ́ ọmọ. Wọ́n á máa sanwó oúnjẹ, wọ́n á sì máa wá wo ọmọ nígbà tí àyè bá gbà wọ́n. Ẹ má tíì máa kanra mọ́ wọn. Nílé wa lọ́hùn-ún, ta ni kò gbé ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ rí? Lójú tiwọn, kò yàtọ̀ sí kí wọ́n gbé wa fún ìyá àgbà n'Íbàdàn. Bí wọ́n ṣe mú èmi àti àbúrò mi ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn nìyẹn. Opó ni, kò bímọ, ilé rẹ̀ sì fẹ̀gbẹ́ kan ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà.

Mo rántí àkùkọ irin tó wà lókè ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tó máa ń yí bí atẹ́gùn bá fẹ́. Mo máa ń bi ìyá òyìnbó pé ìgbà wo gan-an ni yóò kọ. Mo rántí bó ṣe máa ń yà mí nírun: kò mọ̀ ọ́n yà, èmi náà kò sì jókòó jẹ́ẹ́, àwa méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún tán kó tó ṣe é tán. Àbúrò mi kò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wa débẹ̀, ó di ẹ̀wù ìyá mi mú, ó figbe ta, ìyá mi sì fà sẹ́yìn kó tó lọ, ó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà òtútù kejì ni ikọ́ dé bá àbúrò mi. Kò pẹ́ rárá. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́ ti dé. Bàbá àti ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú irin dé, wọ́n sì jókòó sí pálọ̀ ìyá òyìnbó, kọ́tìnì fèrèsé ní títì. Ẹ̀yin náà mọ ìṣe wa, tàbí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n: òkú ọ̀fọ̀ ni, òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í sì í fi ojú oórì ọmọ han òbí. Èmi wà nílé aládùúgbò kan, wọ́n fún mi ní bisikíìtì, mo ń gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá òyìnbó ló tẹ̀ lé pósí náà jáde. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú mi lọ sí London. Nígbà tí bàbá mi jáde ìwé, a wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ abúlé yẹn mọ́.

Ilé tí a dé ni wàhálà wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wo ìyá mi láti òkè délẹ̀, ó ní ọmọ méjì ló bí sílùú òyìnbó, ọ̀kan ló mú bọ̀. Òkú èkejì dà, ojú oórì rẹ̀ dà? Ìyá mi kò mọ ojú oórì. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ni ìyá àgbà yìí bá ní kì í ṣe òkú, ọmọ náà ni wọ́n fi ta òyìnbó lọ́rẹ nítorí àtikàwé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá mi bí ọmọ mẹ́ta sí i, ó kọ́lé, ó di mátírọ̀nù, síbẹ̀ bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ hú jáde. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé èmi pàápàá tí mo wà níbẹ̀, kí ni mo rí? Aago ni mo gbọ́, bisikíìtì ni mo jẹ.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Jonesboro ló ń gbé, èmi ni mo sì máa ń gbé e lọ sí clinic. Bí wọ́n bá béèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, yóò dárúkọ mi, yóò wá bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀ lé àbúrò mi tó kú. Mo ti mọ ibi tó ti ń fò, n kì í wojú rẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ Sunday kan lọ́dún tó kọjá, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń bá a tú gèlè, ó kàn sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá dọ́run tí ọmọ yẹn bi mí pé ibo ni mo fi òun sí, kí ni mo fẹ́ wí?"

Ó wá dárúkọ abúlé náà, ketekete. Ó ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà bí mo bá lè wádìí rẹ̀. Ó ní kí n má ṣe fi ibẹ̀ han òun o, n kò gbọ́dọ̀ dán an wò, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n sin ín bí ọmọ èèyàn, àbí wọ́n kàn wá ibì kan tẹ̀ ẹ́ sí.

Ẹ̀yin ẹ rò pé àgbà kò mọ fóònù lò. Mo gba ilé ìkàwé lọ, níbi tí àwọn àgbà òyìnbó Marietta ti máa ń péjọ láti wá ìran wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tipẹ́tipẹ́ ni ìjọ abúlé kọ̀ọ̀kan ti ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá rì bọmi, ẹni tó bá gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n bá sin. Ìyá kan níbẹ̀ ti wá baba ńlá rẹ̀ dé orí ẹnìkan tó ń da àgùntàn, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jogún. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu ni tiwa, a ó kàn ki èèyàn dé orí ẹni tó tẹ ìlú dó. Obìnrin tó ń kọ́ wa níbẹ̀ bí a ṣe ń wá ìran ṣàlàyé fún mi pé àwọn ìwé àtijọ́ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìwé ìsìnkú ìgbà tiwa ṣì lè wà lọ́wọ́ ìjọ náà fúnra wọn. Mo bá kọ ímeèlì sí wọn. Mo kọ orúkọ àbúrò mi, èyí tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, mo kọ orúkọ bàbá mi mọ́ ọn.

Ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì náà ló dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe tààrà, kò fi nǹkan pamọ́. Ó ní òun ti wo ìwé náà ṣáájú àti lẹ́yìn ọdún tí mo sọ, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Háà! Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti kú láti ọjọ́ yìí, tún sọ jí nínú mi. Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ wí fún arúgbó tó ń palẹ̀ ìrìn àjò mọ́? Mo ń wakọ̀ lọ sí Jonesboro bí mo ṣe máa ń lọ, mo ń bá a sọ̀rọ̀ owó epo, mo ń bá a sọ̀rọ̀ òjò. Kò bi mí. Ó kàn ń wò mí ni, mo sì mọ̀ pé ó ti rí i lójú mi.

Ọlọ́run ló ní kí ọmọ-ọmọ àbúrò mi obìnrin máa ké lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fún un lọ́mú, ó ti fi fóònù ṣeré fún un, kò dákẹ́. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé e fún òun. Ó gbé e sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì rẹ̀ jẹ́jẹ́, "Àlàbí, Àlàbí," ọmọ náà sì dákẹ́, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Níbi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá òyìnbó. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ó gbé àbúrò mi lé èjìká, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń pè é ní Àkànní, Àkànní, lóhùn pẹrẹsẹ tí kò gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀, bíi tiyín, ẹ̀yin tí wọ́n bí ní Atlanta. Oríkì àbúrò mi ni. Ohun tí ìyá mi fà sẹ́yìn sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn: bó bá ń ké, kó fi oríkì pè é. Obìnrin náà kò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Àwọn òbí mi kò lọ síbi ìsìnkú, òun ló lọ. Orúkọ wo ni yóò sọ fún àlùfáà, bí kò ṣe èyí tó fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?

Mo kọ ímeèlì mìíràn. Kó tó dọ̀la, èsì dé. Ó wà níbẹ̀! Àkànní, orúkọ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méjì, ilé ìyá òyìnbó ni wọ́n kọ pé ó ń gbé. Ìyá àgbà tó kọ̀wé náà ní òun wà ní kékeré nígbà yẹn, òun sì rántí. Ó ní àwọn ará abúlé ń ráhùn pé irú òbí wo ni kì í wá síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀, ìyá òyìnbó sì dá wọn lẹ́kun, ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ wọn nìyẹn, àwọn òbí ọmọ náà ló ní kí òun bá àwọn dúró. Ibi tó rà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ ló sin ọmọ náà sí. Nígbà tí òun náà kú, wọ́n sin ín tì í, bó ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Orúkọ Àkànní wà lára òkúta náà, lábẹ́ tirẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo wò ó, mo sunkún, mo sì pa á rẹ́ nínú fóònù, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì ṣí i níwájú ìyá mi.

Mo dé Jonesboro, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, wọ́n sin ín dáadáa. Ìyá òyìnbó tẹ̀ lé e débẹ̀, ó kọ oríkì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lòun náà wà títí dòní."

"Mo ní kó bá mi dúró ni," ó ní. "Ó mà dúró."

Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá fún òun. Ó jẹun tán, ó béèrè ẹran sí i.

Ayé ti yí. Lónìí ọmọ á wà ní daycare ní Covington, ìyá rẹ̀ á wà lẹ́nu shift, á máa wò ó lórí fóònù bó ṣe ń sùn. Ẹ kò ní láti gbé ọmọ yín fún àlejò nítorí ìwé, mo sì bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi yín ní oríkì yín lọ́jọ́sí, ṣe lẹ ń wojú ara yín. Ẹ lọ bi àwọn òbí yín, kí wọ́n sọ ọ́ fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ ó bi mí bóyá ìyá mi tún sọ̀rọ̀ náà. Lóṣù tó kọjá a lọ sí clinic, nọ́ọ̀sì tuntun kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní kó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n wà. Ó dárúkọ mi, ó ní Marietta. Mo wo ilẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Èkejì ni Àkànní," ó ní. "Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi."