Ọ̀pá Àṣẹ Tí Daddy Mi Ṣe

Òórùn ọ̀dà tútù ló máa ń gbé ọdún yẹn padà wá bá mi. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ tólórí tẹlẹ́mù ni. Mo wà nílé-ìwé àdáni kan ní Kétu, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ gọ́fúmẹ́ǹtì tó mi. Tíṣà wa kó wa lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Aláùsá, a jókòó sókè níbi tí àwọn àlejò ń jókòó sí, à ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣòfin. Atẹ́gùn AC ti gbé àwọn ẹgbẹ́ mi sùn. Èmi ò sùn. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé ọ̀pá àṣẹ lé èjìká wọlé, gbogbo àgbààgbà tó wà níbẹ̀ dìde dúró, Sípíkà fúnra ẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Orí tábìlì ni wọ́n gbé ọ̀pá náà lé kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Tíṣà rọra sọ fún wa pé bí ọ̀pá yẹn ò bá sí níbẹ̀, kò sí ìjókòó; ohun yòówù tí wọ́n bá sọ, àhesọ lásán ni. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a padà dé, Tíṣà ní àwa náà máa ṣe ìjókòó tiwa níwájú àwọn òbí. Mo ti mọ ẹni tó máa ṣe Sípíkà. Ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi ni mo mọ ìtumọ̀ gbogbo ohun tó wà lára àmì ìjọba: idì pupa, agbára ni, ẹṣin funfun méjèèjì, iyì, asà dúdú, ilẹ̀ ọlọ́ràá. Kó lè dá mi lójú, mo nawọ́ pé Daddy mi máa bá wa ṣe ọ̀pá àṣẹ, nítorí wẹ́dà ni wọ́n ní Owódé Onírin. Èrò tèmi ni pé ẹni tí bàbá ẹ̀ ṣe ọ̀pá, wọn ò ní gbé àga fún ẹlòmíì. Ọjọ́ mẹ́rin ni Daddy mi lò lórí páìpù kan. Wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ ṣe idì sórí ẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà wúrà, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé bí ojú idì tí ẹ rí ṣe rí nìyí?" Ojú idì náà jọ ti adìyẹ díẹ̀, àmọ́ mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tíṣà gba ọ̀pá, ó yìn ín, ó wá mú ọmọ Magodo ṣe Sípíkà.

Ọmọ Magodo, àdúgbò àwọn olówó, là ń pe ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa tí mọ́tò bàbá ẹ̀ máa ń já sílẹ̀ láàárọ̀. Tíṣà ní Gẹ̀ẹ́sì dùn lẹ́nu ẹ̀. "Ìwọ lo máa gbé ọ̀pá," ó sọ fún mi, bí ẹni tó ń ta mí lọ́rẹ. Ẹ wò ó, mo jowú. Mo jowú bàtà ẹ̀, mo jowú fúláàsì oúnjẹ ẹ̀, mo jowú bó ṣe ń rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bo ẹnu. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé ọmọ dáadáa ni. Ìwé tèmi ló máa ń yá kà, á sì dúpẹ́. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi múra sílẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì mi fẹ́ẹ̀ máa já bọ́ nídìí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó wa, mo gbé ọ̀pá lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí, mo da àpò bò ó. Ìṣirò mi pé: ọ̀pá ò sí, ìjókòó ò sí, ìjókòó ò sí, Sípíkà ò sí. Àfi bíi pé òfin ni mò ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mi ò rí i. Mo fìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo nà án sókè níṣojú gbogbo wọn. Omi lé ròrò sójú ọmọ Magodo nínú gáwùn Sípíkà tó wọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn.

Ìgbà yẹn ni Daddy mi wọlé. Daddy mi tí kì í ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ iṣẹ́! Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wọ léèsì tí wọ́n fi ṣègbéyàwó, èékánná wọn nìkan ló ṣì dúdú. Wọ́n tún mú ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ta irin dání, kóun náà lè wá rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Iwájú ni wọ́n jókòó sí. Ǹ bá sáré lọ gbé ọ̀pá náà wá, àmọ́ mo ti búra.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin òbí wa," Tíṣà wí. "A ò rí ọ̀pá àṣẹ wa, a ò sì lè jókòó láìsí i." Ẹnì kan ní kí wọ́n lo igi ìgbálẹ̀. Tíṣà kọ̀ jálẹ̀, ó ní ohun tóun fi kọ́ wa, òun ò ní fọwọ́ ara òun bà á jẹ́. Daddy mi ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Ẹkún gbọ̀n mí. Ọmọ Magodo ló wá dì mọ́ mi. "Má sunkún jàre," ó wí. "It's not your fault."

Lọ́jọ́ kẹta, ẹni tó ń tọ́jú ọgbà rí ọ̀pá náà, wọ́n sì ní kí Daddy mi wá gbé e. Daddy mi béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹni tó rí i ní àárín àwọn ọkọ́ ni. Daddy mi mi orí, wọ́n gbé e lé èjìká, mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. A fẹ́ẹ̀ dé Ìkòsì nígbà tí wọ́n gbé e sí èjìká kejì. "Wọn ì bá ti sọ fún mi pé kò dáa, kí wọ́n tó lọ jù ú sáàárín ọkọ́," wọ́n wí. "Ǹ bá tún un ṣe." Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò rántí àwọ̀ bàtà ọmọ Magodo mọ́. Daddy mi ti dàgbà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá ń fi ìjókòó àwọn aṣòfin hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọ̀pá bá ti wọlé, wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á wò ó títí ẹni tó gbé e wọlé á fi gbé e lé tábìlì.

"Ojú idì yẹn," wọ́n á wí. "Ojú ẹ̀ ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Gbogbo ìgbà ni mo máa ń la ẹnu láti jẹ́wọ́ fún wọn. "Ojú ẹ̀ dáa, Daddy," ni mo máa ń sọ, màá sì dìde lọ bu omi wá fún wọn.