Ojú Kan Tó Kù: Fún Màmá Àbẹ̀kẹ́, Olówùú Kalley

Yéè, ilé wa ti ṣófo o! Màmá mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá tó bí mi tó tún tọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ mi, ẹ ti lọ síbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í ti í ṣú. Ó di ọjọ́ àjíǹde kí a tó tún gbọ́ ohùn yín.

Èmi Fúnmiláyọ̀, àkọ́bí yín, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àyà mi sì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ nípa ìwà pẹ̀lẹ́ yín, nípa ìfẹ́ yín sí ilé Ọlọ́run, àti bí ẹ ṣe máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí gbogbo àgbàlá. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín mọ̀ ni bí ẹ̀rù ṣe bà yín tó nígbà kan, àti ohun tí ẹ fi ẹ̀rù náà ṣe.

Ẹni tó bá mọ̀ yín ní Kalley, àdúgbò wa ní Niamey ní ilẹ̀ Niger, ìdí òwú ló ti mọ̀ yín. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí Bàbá fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú, ibẹ̀ lẹ ti ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti abẹ́rẹ́. Àwọn télọ̀, ìbáà ṣe Yorùbá, Hausa tàbí Zarma, á mú àjákù aṣọ wá, ẹ ó wò ó fìrí, ọwọ́ yín á sì ti wà lórí òwú tó bá a mu gẹ́lẹ́. Ẹ máa ń sọ fún wa pé, "Pupa kì í ṣe ẹyọ kan. Pupa ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò." Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ yín, Màmá, ojú yín sì gbé yín níyì.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú wá pọ̀ ní Niamey, tí mọ́tò tó gbé gbohùngbohùn ń gba àdúgbò kọjá ní gbogbo ìgbà, ọjà yín tà bí ẹní ta omi nígbà ọ̀dá, torí oníkálukú ló ń rán aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ ò sọ fún ẹnì kankan. Bí télọ̀ bá mú aṣọ wá, ẹ ó gbé àpótí òwú síwájú rẹ̀, ẹ ó ní, "Ìwọ náà mú èyí tó bá a mu, ọwọ́ mi dí." Ọwọ́ yín ò dí rárá. Èmi rò pé àgbà ló ń dé.

Àfi ọjọ́ tí télọ̀ kan já wọlé pẹ̀lú ariwo. Ó ní òwú aláwọ̀ ewé lẹ tà fún òun dípò búlúù, pé òun ti fi ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá olóyè ẹgbẹ́ kan, àwọ̀ ewé sì ni àwọ̀ ẹgbẹ́ tó ń bá a du ipò. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lù mí pa ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ pa àpótí òwú dé.

Nígbà tó lọ tán, ẹ ní kí n ti ìlẹ̀kùn. Ẹ ní, "Fúnmi, èéfín ni mò ń rí. Bí ẹni pé ẹnì kan ń fi igi tútù dáná síwájú mi, tí kò fẹ́ pa á." Mo mú yín súnmọ́ fèrèsé, mo wo ojú yín dáadáa. Nǹkan funfun kan ti bo ọmọlójú méjèèjì, bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Má sọ fún Dèjì."

Dèjì àbúrò mi ń gbé ní Harobanda, ní òdìkejì odò. Ìdí tí ẹ ò fi fẹ́ kó gbọ́ ni pé ẹ mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni yóò gbé yín lọ. Ilé ìwòsàn sì ni ohun tó ń já yín láyà jù láyé, nítorí ẹsẹ̀ ara wọn ni Bàbá fi rìn wọ ibẹ̀, a sì gbé wọn jáde ni.

Hàwá, aládùúgbò wa, obìnrin Zarma tó fẹ́ràn yín bí ọmọ ìyá rẹ̀, ló sọ fún yín nípa ọkùnrin kan tó ń kiri láti àdúgbò dé àdúgbò, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣí ojú tó ti funfun. Ó ti ṣe é fún ẹ̀gbọ́n Hàwá, ẹni yẹn sì ríran fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó dá Hàwá lẹ́bi nínú wa, ẹ̀yin gan-an ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ló fún yín.

N ò sí nílé lọ́jọ́ náà, mo wà níléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúgbò Bobiel. Hàwá ló ròyìn rẹ̀. Ó ní ẹ jókòó lórí ẹní nínú àgbàlá, òun di orí yín mú láti ẹ̀yìn, ọkùnrin náà sì ti abẹ́rẹ́ bọ ojú ọ̀tún yín. Kò sí oògùn tó ń pa ìrora. Ẹ ò ké. Lẹ́yìn náà ó na ìka síwájú yín, ó ní mélòó nìyí, ẹ ní méjì, gbogbo àgbàlá sì hó yèè.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín kún ẹnu yín. "Fúnmi, mo rí ọ! Mo rí èékánná ara mi!" Èmi náà fò sókè.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ojú náà ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó wú, omi tó ń ti inú rẹ̀ jáde ń rùn. Ẹ ò lè jẹun, ẹ ò lè dùbúlẹ̀, ẹ ń fi orí gbá ògiri. Mi ò béèrè àṣẹ lọ́wọ́ yín mọ́, mo pe Dèjì. Ilé ìwòsàn tí ẹ ń sá fún náà la gbé yín lọ. Wọ́n mú kí ìrora náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, sọ fún wa pé ojú ọ̀tún ti kú, kò ní ríran mọ́ láé. Ó ní kì í ṣe awọ ló bo ojú yín. Ohun kan bíi gíláàsì kékeré tó wà nínú ẹyin ojú ló di funfun. Abẹ́rẹ́ ọkùnrin yẹn kò yọ ọ́, ṣe ló tì í ṣubú sínú ojú, ìdọ̀tí sì bá a wọlé.

Ó wá ní wọ́n ṣì lè fi abẹ la ojú òsì. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ tí ẹ gbọ́ "là", ẹ dìde lórí àga, ẹ fọwọ́ ra ògiri, ẹ ń wá ọ̀nà ìta.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti di ará ilé wa. Bí a bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ojú òsì, ẹ ó ní, "Ojú kan ló kù fún mi. Bí wọ́n bá ba èyí náà jẹ́ ńkọ́? Èéfín sàn ju òkùnkùn lọ." Èéfín náà sì ń ki sí i. Ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, èmi ni mò ń ṣí i tí mo bá ti iléèwé dé. Ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ lọ, ẹ kí ìyàwó pásítọ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn, ojú sì tì yín. Ẹ ṣubú sínú gọ́tà iwájú ilé, ẹ ní ẹ fẹsẹ̀ kọ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá gba ẹnu yín: "Ta nìyẹn?" Ewúrẹ́ kọjá, "Ta nìyẹn?" Atẹ́gùn ṣí ìlẹ̀kùn, "Ta nìyẹn?" Màmá, títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo máa ń yára dárúkọ ara mi.

Ohun tó mú yín pinnu, inú ilé ìdáná ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ẹ gbé ìkòkò omi gbígbóná kúrò lórí iná. Ìbùkún ọmọ mi ń rákò nílẹ̀, ẹ ò rí i. Ẹsẹ̀ yín kàn án, ó ké, ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ yín. Omi náà dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wí o, kò kàn án, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ dúró nínú ooru náà, ẹ na ọwọ́ síwájú, ẹ ń pariwo, "Ṣé ó bà á? Fúnmi, dá mi lóhùn! Ṣé ó bà á?" Mo gbé ọmọ náà lé yín lọ́wọ́, ẹ fọwọ́ wo gbogbo ara rẹ̀, orí, ikùn, ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ẹ ní, "Ẹ mú mi lọ. Kí wọ́n là á."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wa, ẹ wẹ̀, ẹ gbàdúrà, Dèjì gbé takisí wá. Nígbà tí a débẹ̀, géètì wà ní títì. Àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ girẹ́ẹ̀fù, bí a ti ń pe ìdáṣẹ́sílẹ̀ níbí, ìjọba ò san owó oṣù wọn. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní òun ò mọ ìgbà tó máa parí. Nínú takisí tó gbé wa padà, ẹ gbá báàgì ẹrù yín mọ́ra. Ẹ ní, "Èmi tí mo fi gbogbo agbára mi dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Ibo ni kí n ti tún rí òmíràn?"

Èmi àti Dèjì gbà pé ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ kí n tú ẹrù tí a dì. Ẹ gbé báàgì náà sẹ́bàá ibùsùn yín, láràárọ̀ lẹ sì ń béèrè, "Ṣé wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́?" Èyí ni mo fi mọ̀ pé akíkanjú ni yín, Màmá. Ẹ̀rù ń bà yín, síbẹ̀ ẹ̀yin lẹ ń béèrè ọjọ́ tí ẹ ó lọ.

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, a sì tún lọ. Ẹ bi dókítà náà ní ìbéèrè, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún un: "Ṣé màá mọ̀ ọ́n lára?" Ó ní, "Ẹ ó mọ̀ pé mò ń fọwọ́ kàn yín, ẹ ò ní mọ ìrora. Ojú yín á là sílẹ̀, ẹ ó sì máa gbóhùn mi." Bí wọ́n ṣe ń mú yín wọlé, ẹ yíjú padà síbi tí ẹ rò pé mo wà. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo wà. Ògiri lẹ ń juwọ́ sí. Èmi àti Dèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a ò lè wo ojú ara wa.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú yín, ẹ di ojú pa gbọn-in. Dókítà ní kí ẹ là á. Ẹ kọ̀. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa retí rẹ̀ báyìí díẹ̀ sí i." Nígbà tó yá, ẹ là á díẹ̀díẹ̀, ẹ wò mí, ẹ tẹjú mọ́ orí mi. Ẹ wá ní, "Fúnmi, ta ló bu eérú sí ọ lórí?"

Ewú mi lẹ rí! Dèjì rẹ́rìn-ín títí tó fi sunkún.

Ojú kan yẹn lẹ fi padà sídìí òwú, pẹ̀lú awò tó nípọn lójú, ojú kan yẹn lẹ sì fi tọ́ Ìbùkún dàgbà, tó ti di obìnrin lónìí. Hàwá lẹ kọ́kọ́ mú lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ojú tirẹ̀ náà ń ṣú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù ní Kalley, wọ́n á ní kó lọ bá ìyá olówùú. Ẹ kì í tàn wọ́n. Ẹ ó fi ojú tó fọ́ hàn wọ́n, ẹ ó fi èyí tó ríran hàn wọ́n, ẹ ó ní, "Ẹ̀rù á bà ọ́. Jẹ́ kó bà ọ́, kó o sì máa lọ." Ẹ ó tẹ̀ lé wọn, ẹ ó jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi pè wọ́n wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú yín lọ, lówùúrọ̀, lórí àga yín, lẹ́yìn tí ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná tán. Wọ́n ní ikú ìrọ̀rùn ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n, Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwa méjèèjì tí àwọn tó pé jọ síbí ò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú yín ni dókítà sọ fún mi pé nǹkan funfun náà ti wà lójú tèmi. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Èmi ni màá tẹ̀ lé ọ lọ." Ẹ̀rù sì kúrò lára mi bí ẹni bọ́ ẹ̀wù.

Ẹ̀rù náà ti padà dé báyìí. Mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì mọ̀ bóyá omijé ló bo lẹ́tà tàbí nǹkan mìíràn. Mò ń jí lówùúrọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wá fèrèsé. Bí mo bá rí i, mo dúpẹ́. Ẹni tó mọ bí a ti ń jókòó ti ẹni tí àyà ń já, òun ni a fẹ́ gbé sin lónìí.

Bí a bá sin yín tán, tí àwọn àlejò bá lọ, èmi náà á dá ọjọ́ tí màá lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n lè la ojú mi. Mi ò ní purọ́ fún yín níwájú gbogbo èèyàn yìí: ẹ̀rù ń bà mí gidigidi, Màmá. Ṣùgbọ́n mò ń lọ.

Ẹ sinmi ojú yín, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ẹ má bẹ̀rù ibi tí ẹ wà. Ẹ sùn ire, ìyá mi, ẹ sùn ire o.